Ẹni tí ó Dé Agbedeméjì Ọ̀nà nínú Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa tí a ń múra láti di olùkọ́. Ọ̀rọ̀ gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, pàápàá bí ó ti rí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì mọ́, tí kò sì tíì di ọ̀mọ̀ràn. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìwéré-Ilé, ó pọ̀ ní Ìgànná, ó pọ̀ ní Òkèihò àti ní Ìṣeyìn. Bí a bá sì fẹ́ sọ òtítọ́, ó pọ̀ láàárín àwa tí a ń ka ìwé yìí pàápàá. Ìgbàgbọ́ mi ni pé kì í ṣe òpè ni ó dá a dúró sí agbedeméjì ọ̀nà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí ó dá a dúró ni pé a gbé òfin èdè àjèjì lé e lọ́wọ́, a kò sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé èdè tirẹ̀ náà ní òfin.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn náà dáadáa. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa yọ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá mọ̀ jẹ́ èrè fún un. Lánàá kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe omi. Lónìí ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti lè kí àlejò, tí ó lè ra nǹkan, tí ó lè ka ìwé ìròyìn kí ó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, èrè ojoojúmọ́ náà a dúró. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ ṣáà gbọ́ ọ, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe fún un. Àṣìṣe a di àṣà, àṣà a sì le bí egungun. Ọjọ́ tí ó bá jókòó níwájú ìwé ìdánwò ni yóò tó mọ̀ pé owó tí òun ń ná ní ọjà ilé kò kọjá ní ìlú àwọn olùdánwò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a ń pè ní WAEC, ti wà láti ọdún 1952. Títí di òní olónìí, bí ọmọ kan kò bá yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ọ̀nà Yunifásítì le fún un láti wọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó mọ ìṣirò, tí ó mọ bí ohun ọ̀gbìn ti ń hù àti bí ẹ̀jẹ̀ ti ń rìn nínú ara, lè padà sí ilé pẹ̀lú ìmọ̀ gbogbo náà nítorí gbólóhùn tí kò tọ́. Ọmọ tí a bí sí ilé tí bàbá àti ìyá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti òwúrọ̀ di alẹ́ ní olùkọ́ púpọ̀. Ọmọ Ìwéré-Ilé tí ó ti ilé-ìwé dé, tí ó gbé àdá, tí ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, kò ní olùkọ́ mìíràn ju èyí tí ó fi sílẹ̀ ní kíláàsì. Àwa ni a ó jẹ́ olùkọ́ náà.

Níbo ni ìwé gírámà ti wá ná? Ní ọdún 1762, Robert Lowth, àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1795, Lindley Murray, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wá gbé ní ẹ̀gbẹ́ ìlú York, tẹ tirẹ̀ jáde, ìwé náà sì tàn ká ilé-ìwé púpọ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Èdè Látìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti kọ́ gírámà, orúkọ tí àwọn ará Látìn fi pe ẹ̀yà ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì gbé wọ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn tí ìwé wọ̀nyí wà fún ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹ̀yìn ìyá wọn. Wọn kò kọ́ wọn ní sísọ. Wọ́n kọ́ wọn ní yíyan èyí tí ó dára nínú ohun tí wọ́n ti ń sọ. Nígbà tí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa nìkan, a dà bí ẹni tí ó fún ọmọ ní òòyà kí ó tó hu irun.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ọmọ lè kà á lórí, láìsinmi, pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibi tàbí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, ojú ìwé náà a kún fún ìlà pupa. Ó mọ ìtumọ̀ orúkọ irinṣẹ́. Kò mọ irinṣẹ́ náà lò.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn àṣìṣe náà wò. Ẹni tí ó bá fi sùúrù wò wọ́n yóò rí i pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àìmọ òfin. Òfin Yorùbá ni, tí ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'yá'. Ẹni tí ó fúnni lówó yá ni lówó. Ẹni tí ó gbà á náà yá owó. Ipò tí orúkọ dúró sí nínú gbólóhùn ni ó ń fi hàn ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà. Gẹ̀ẹ́sì yan ọ̀rọ̀ méjì fún un: 'lend' ni ti ẹni tí ó fi sílẹ̀, 'borrow' ni ti ẹni tí ó gbà á. Ọmọ tí ó bá wí pé 'Borrow me your pen' kò sọ ìsọkúsọ. 'Yá mi ní kálàmù rẹ' ni ó sọ láìyí ohunkóhun padà.

Ẹ tún wo 'ara wọn'. Bí a bá wí pé ọkọ àti aya fẹ́ràn ara wọn, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọkọ fẹ́ràn aya, aya sì fẹ́ràn ọkọ. Ṣùgbọ́n 'ara wọn' yìí náà ni a ń lò bí olúkúlùkù bá ń fẹ́ràn ara tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: 'each other' fún ti àkọ́kọ́, 'themselves' fún ti èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé 'The husband and wife love themselves' rò pé òun yin ìdílé náà. Ẹni tí ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gbọ́ pé onímọtara-ẹni-nìkan ni tọkọtaya.

Bẹ́ẹ̀ náà ni 'máa ń'. 'Mo máa ń lọ sí oko ní ọjọ́ Sátidé': ìṣe tí kò tíì dópin ni. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá ọ̀rọ̀ tí yóò dípò 'máa ń', a sì kọ 'I use to go'. Ṣùgbọ́n ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'used to' ni ohun tí a ti ń ṣe rí tí a kò ṣe mọ́. Fún ìṣe tí ó ṣì ń bá a lọ, Gẹ̀ẹ́sì kò wá ọ̀rọ̀ kankan kún un: 'I go to the farm on Saturdays' tó.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín jù. Bí àlejò bá bi ọmọ wa léèrè pé, 'Ṣé o kò tíì jẹun?', ọmọ náà a dáhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni,' èyí ni pé, bí ẹ ti wí i gẹ́lẹ́ ni ó rí, n kò tíì jẹun. Yorùbá ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí olùbéèrè sọ; Gẹ̀ẹ́sì ń dáhùn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ kan náà bá dáhùn Gẹ̀ẹ́sì ní 'Yes', àlejò yóò gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú inú dídùn, ebi yóò sì pa á nítorí gírámà.

Kí ni kí a sọ nípa ọ̀wọ̀? Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ní ilé kò lè pe bàbá rẹ̀ ní 'ó'; 'wọ́n' ni yóò wí. Nígbà tí ó bá dé ilé-ìwé tí ó sọ nípa olórí ilé-ìwé kan ṣoṣo pé 'They are calling you', ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní irú ọ̀wọ̀ yìí rí: 'thou' ni fún ẹnìkan, 'ye' àti 'you' fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí fún àgbà. Ẹni tí ó bá ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 yóò rí ìyàtọ̀ ẹnìkan àti ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n jù ú nù ní tiwọn. Àwa pa tiwa mọ́. Bí a bá sọ èyí fún ọmọ, kò ní rò mọ́ pé ìwà ọmọlúwàbí òun ni ó ba Gẹ̀ẹ́sì òun jẹ́.

Èyí tí ó tóbi jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. 'Mo lọ, mò ń lọ, mo ti lọ, èmi yóò lọ': 'lọ' kò pa aṣọ dà rárá; àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ń sọ ìgbà. Ti Gẹ̀ẹ́sì a máa pa aṣọ dà: 'go, goes, going, went, gone'. Ẹ tún kíyè sí i pé 'mo lọ' jẹ́ ohun tí ó ti kọjá, ṣùgbọ́n 'mo mọ̀' jẹ́ ohun tí ó wà nísinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ kéékèèké kankan níwájú èyíkéyìí nínú wọn. Èyí tí ó jẹ́ ìṣe a jẹ́ ti àná. Èyí tí ó jẹ́ ipò ọkàn tàbí ti ara a jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ta ni ó kọ́ wa ní òfin yìí? Kò sí ẹnìkan, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ìwéré-Ilé kì í ṣì í. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: Ayọ̀ Bámgbóṣé nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1966, Ọládélé Awóbùlúyì nínú tirẹ̀ ní 1978. Ó yẹ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé orí ọmọ wa ni ìṣòro náà wà, kí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìwéré-Ilé kò jìnnà sí ààlà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ààlà náà, láìbi ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ̀ léèrè. Láti ìgbà náà, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìhà ọ̀hún, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, Faransé ni ó ń kọ́ ní ilé-ìwé. Ọmọ tiwa ń ṣi 'he' àti 'she' lò, nítorí pé 'ó' kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọ Kétu gbọ́dọ̀ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé tábìlì jẹ́ abo, 'la table', àti pé ìwé jẹ́ akọ, 'le livre'. Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀wọ̀, ara tu ọmọ Kétu ju tiwa lọ: Faransé ní 'tu' fún ẹgbẹ́ ẹni àti 'vous' fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní 'o' àti 'ẹ'. Ọmọ méjèèjì jẹ́ ti ìyá kan. Bí ìṣòro wọn ti yàtọ̀ síra fi hàn pé kì í ṣe inú orí ọmọ ni ó wà; ojú ọ̀nà tí ó wà láàárín èdè méjì ni ó wà. Olùkọ́ tí kò bá mọ ọ̀nà náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì kò lè fi han ẹlòmíràn.

Àpẹẹrẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dé ìpẹ̀kun méjèèjì kò jìnnà sí wa. Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìṣeyìn, ni a ti kó Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821, ẹni tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Samuel Ajayi Crowther. A gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà ni òun ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ó sì tún mú un gbòòrò ní 1852, pẹ̀lú gírámà Yorùbá tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí parí ní 1884. Kò ju Yorùbá nù kí ó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé méjèèjì ka iwájú, ó ń fi ọ̀kan wo èkejì. Bí ọmọ Òkè-Ògùn kan ti ṣe é nígbà tí kò sí ìwé atúmọ̀ kankan, kí ni ìdí tí a ó fi sọ pé kò ṣeé ṣe fún wa tí a ní ìwé?

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láyè ara rẹ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ènìyàn rò pé Gẹ̀ẹ́sì wọn yóò kú. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Síbẹ̀ ìjọba kò fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ti oṣù kọkànlá ọdún 2022 fẹ́ kí ó dé kíláàsì kẹfà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé ti 2022 náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, mo gbà pé ìpinnu ìkẹyìn yìí kò dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sí ilé nìyí: òfin èyíkéyìí tí ó wù kí ó wà lókè, kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ má mọ èdè ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, 'Bí o bá ń fi Yorùbá ṣe àlàyé, ọmọ yóò máa túmọ̀ nínú ọkàn rẹ̀.' Ó ń túmọ̀ ná! 'Borrow me' kì í ṣe ohun mìíràn ju ìtumọ̀ lọ. Yíyàn tí ó wà níwájú wa ni bóyá kí ó máa túmọ̀ nínú òkùnkùn tàbí nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Gẹ̀ẹ́sì láìmọ gírámà, nípa gbígbọ́ àti kíkà. Òtítọ́ ni, èmi kò sì bá wọn jà. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ èdè ní gbogbo wákàtí lè ṣe láìsí àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóòjọ́ nílò ẹni tí yóò fi ọ̀nà àbùjá hàn án. Àwọn kan sì tún wà tí ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní ọgbà ilé-ìwé. Ẹ̀yin ará, ọmọ tí a bá ti dẹ́rù bà kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ sí i. Ó kàn ń dákẹ́ ni, ẹni tí ó bá sì dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò rí àṣìṣe rẹ̀ tún ṣe.

Kí ni kí a ṣe nígbà tí a bá dé ẹnu iṣẹ́? Èkíní, kí a tó kọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì kan, kí a bi àwọn ọmọ bí Yorùbá ti ń sọ ohun náà, kí wọn fi ẹnu ara wọn sọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Èkejì, kí a má ṣe fa ìlà pupa ogún sí ojú ìwé kan; kí a mú irú àṣìṣe kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ kan, kí a lépa rẹ̀ títí yóò fi kúrò. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọmọ há gbólóhùn tí ó pé sórí ju ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ lọ, kí wọn sì máa ka ìwé sókè, nítorí pé etí a máa rántí ohun tí orí gbàgbé. Ẹ̀kẹrin, kí ohun tí wọn yóò kọ jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀: bí a ti ń kọ ebè, bí a ti ń hun aṣọ òkè ní Ìṣeyìn, ọ̀nà tí àlejò yóò gbà láti Ìwéré-Ilé dé Ìgànná. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ yóò ní àyè láti ronú bí yóò ti sọ ọ́. Ẹ̀karùn-ún, kí olùkọ́ náà máa kàwé lójoojúmọ́, nítorí pé olùkọ́ tí ó dúró sí agbedeméjì kò lè ti ọmọ kọjá ibẹ̀.

Kò sí èyí tí ó ná wa lówó nínú nǹkan márùn-ún wọ̀nyí. Pátákó dúdú tí ó wà, ẹfun tí ó wà àti ẹnu tí Ọlọ́run fún wa tó fún un. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, 'kọ́', ni ó dúró fún ti olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ náà lórí ìwé ìdánwò. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a di ti Yorùbá mú: kí ẹni tí ń kọ́ni máa kọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Oṣù díẹ̀ ni ó kù kí a túká lọ sí ibi iṣẹ́ wa, àwọn ọmọ tí wọ́n ń dúró dè wá sì ti lóye gírámà èdè kan tán pátápátá kí a tó dé. Èkejì ni a lọ kọ́ wọn.